Ìjọ, Ẹ Má Fi Àánú Ṣe Ìdẹ

Nígbà tí omíyalé bá gbé ilé lọ, tí ogun bá lé ará ìlú kúrò nílé, tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti ọjà àti ibi iṣẹ́ pa, ilé ìjọsìn wà lára ibi tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sá lọ. Gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, ìjókòó wà, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáná fún ọ̀pọ̀ èrò wà, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ ìjọ máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa kí ti ìjọba tó gbéra. A kò fojú kéré èyí rárá. Àwọn kan wà láàyè lónìí tó jẹ́ pé bí kò bá sí àwọn onígbàgbọ́ tó fi oorun du ara wọn ni, ilẹ̀ ì bá ti jẹ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn wá, a kò sì ní fi igbá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo ìyá àgbàlagbà kan tó ti wà lórí ìlà láti òwúrọ̀ kùtù. Kó tó kàn án, wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn jókòó gbọ́ ìwàásù ná. Nígbà tó dé ìdí tábìlì, wọ́n bi í pé ìjọ wo ló ń lọ. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ṣé yóò wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní òun yóò wá. Wọ́n gbé àpò oúnjẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó má tíì lọ, kó gbé e sókè díẹ̀ sí i kí orúkọ ìjọ tó wà lára rẹ̀ lè hàn, kó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní ó ku ọ̀kan sí i. Ẹnikẹ́ni kò nà án, ẹnikẹ́ni kò bú u, gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì náà ló sì gbà pé iṣẹ́ Olúwa ni àwọn ń ṣe. Síbẹ̀, kí ìyá yẹn tó gba oúnjẹ, ó ti fi iyì ara rẹ̀ san owó rẹ̀.

Ìdúró ìwé ìròyìn yìí ni pé ìrànwọ́ tí ìjọ bá ń ṣe nígbà àjálù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní tòótọ́. Kí wọ́n má fi ìwàásù dí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n má béèrè ẹ̀sìn, kí wọ́n má sì gba àwòrán ojú ẹni tó ń gbà á gẹ́gẹ́ bí owó ìwọlé. Ìjọ tó bá ń fi àánú ṣe ìdẹ ń ṣe ohun tí Olúwa rẹ̀ kò ṣe rí.

Inú Ìwé Mímọ́ gan-an ni a ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù orí 17, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ké sí Jésù láti òkèèrè, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì rí ìwòsàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́. Ará Samáríà ni, ẹ̀yà tí àwọn Júù kì í bá da nǹkan pọ̀. Jésù béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù, ó sì hàn pé ó dùn ún. Àmọ́ a kò kà á níbì kankan pé ẹ̀tẹ̀ padà sára wọn, a kò sì rán ẹnikẹ́ni lé wọn bá kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ tún wo Mátíù orí 25, níbi tí Ọba ti sọ fún àwọn olódodo pé ebi pa òun, wọ́n bọ́ òun, òun jẹ́ àlejò, wọ́n gba òun sílé. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ní nígbà wo ni àwọn rí i? Wọn kò tilẹ̀ rántí, nítorí wọn kò ṣírò rẹ̀. Ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 náà kò béèrè ìlú tàbí ẹ̀sìn ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù bolẹ̀ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò kó tó da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń gbójú fò nínú ìtàn náà ni owó. Dínárì méjì ló kà fún onílé èrò, ìyẹn owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún lébìrà ìgbà náà, ó sì ní iye yòówù tó bá lé lórí rẹ̀, òun yóò san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Ó gbọ́ bùkátà ẹni tí kò lè san án padà, ó sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ.

Àwọn Kristẹni ìgbà láéláé mọ èyí dénú. Ní nǹkan bí ọdún 250 sí 262, àjàkálẹ̀ àrùn kan jà káàkiri ilẹ̀ ọba Róòmù. Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ló ń tọ́jú aláìsàn láìro ti ara wọn, tí wọ́n sì bá wọn kú, nígbà tí àwọn mìíràn ń ju èèyàn wọn síta gbangba kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Ní Carthage, ní àríwá Áfíríkà, Cyprian ni bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún 250 ni olú-ọba Decius ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù. Wọ́n ju àwọn Kristẹni tó kọ̀ sẹ́wọ̀n, wọ́n pa àwọn mìíràn, àwọn ará ìlú sì ń pariwo pé kí wọ́n ju Cyprian fún kìnnìún jẹ. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná tí àrùn fi dé, tó sì dá àwọn tó ń pariwo náà dùbúlẹ̀. Pontius, díákónì tó kọ ìtàn ayé Cyprian, sọ pé ńṣe ló pe ìjọ jọ, tó ní kò sí ohun ìyanu nínú kí èèyàn máa tọ́jú kìkì àwọn ènìyàn tirẹ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ẹni tó lówó mú owó wá, ẹni tí kò ní fi agbára rẹ̀ ṣe é. Ìjọba Róòmù bẹ́ orí Cyprian lọ́dún 258.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 362, olú-ọba Julian, tó fẹ́ dá ìbọ òrìṣà padà sípò, kọ lẹ́tà sí olórí àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ ní Gálátíà. Ó ní ìtìjú ńlá ni pé àwọn ará Gálílì, bó ṣe máa ń pe àwọn Kristẹni, ń bọ́ aláìní tiwọn, wọ́n sì tún ń bọ́ tiwa. Ẹ̀rí ọ̀tá nìyẹn, ọ̀tá kì í sì í purọ́ láti fi yin ẹni tó kórìíra.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ àsìkò tiwa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, àrùn Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní Gulu, ní àríwá Ùgáńdà. Dókítà Matthew Lukwiya ni ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn St. Mary's ní Lacor, tó jẹ́ ti ìjọ Kátólíìkì. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i lọ́wọ́ ní Kampala nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é pé àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ṣẹ́ ń kú, ohun tó sì ń pa wọ́n kò yé ẹnikẹ́ni. Ó padà. Ó jókòó ti fáìlì àwọn aláìsàn, ó fura pé Ebola ni kí àyẹ̀wò tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀, níbi tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ṣiṣẹ́. Ebola kò mọ ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́ọ̀dù yẹn náà kò sì fi ẹ̀sìn ya aláìsàn sọ́tọ̀. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù Kọkànlá, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára nọ́ọ̀sì kan tí àrùn náà ti mú. Wọ́n jí Lukwiya. Ó wọ aṣọ ààbò, ó wọ ìbòjú àti ìbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n kò fi awò ààbò bo ẹyinjú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ló kú. Ènìyàn 425 ni àrùn náà mú ní Ùgáńdà, 224 ló sì pa, àwọn òṣìṣẹ́ Lacor wà lára wọn.

A mẹ́nu kan awò yẹn nítorí àwọn tó rò pé ìgbàgbọ́ ló ń dúró dípò ìṣọ́ra. Lukwiya fúnra rẹ̀ ló ń tẹnu mọ́ òfin ààbò ní wọ́ọ̀dù náà, ẹ̀ẹ̀kan péré tí àlàfo sì wà, àrùn gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé Wittenberg ní Jámánì lọ́dún 1527, Martin Luther, ẹni tí ìjọ Lutheran ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sá kúrò nílùú, ó ṣètọ́jú àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ pé òun yóò gbàdúrà, òun yóò lo oògùn, òun kò sì ní lọ síbi tí wọn kò bá ti nílò òun, kí òun má baà kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ran aláìlera lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé òun kọ́ ni yóò gbé ikú wọlé tọ̀ ọ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ṣé kí ìjọ wá pa ẹnu mọ́ ni? Bí a bá bọ́ ara tí a kò bọ́ ọkàn ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè rẹ̀ ló sì nífẹ̀ẹ́ èèyàn tọkàntọkàn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ìjọ fi orúkọ Jésù pamọ́. Bí ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ bá béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, kí wọ́n sọ fún un. Bó bá ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun, kí wọ́n gbà á. Ìwàásù ní wákàtí tirẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jẹun láti àná kò ní ẹnu tó lè fi sọ pé òun kò fẹ́. Bó bá ṣe "àmín", ta ló lè sọ bóyá ọkàn rẹ̀ ló ṣe é tàbí inú tó ń pa á? Ìjọ tó mọ iyì ìgbàgbọ́ kò gbọdọ̀ wá irú àmín bẹ́ẹ̀ kiri.

Àwọn àgbà ìjọ ní àgbáyé sì ti gba èyí tipẹ́. Lọ́dún 1994, Caritas Internationalis (àjọ àánú ìjọ Kátólíìkì), Lutheran World Federation (àjọ àwọn ìjọ Lutheran) àti World Council of Churches (ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ àgbáyé) wà lára àwọn tó dara pọ̀ mọ́ Red Cross àti Red Crescent láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣèrànwọ́ níbi àjálù. Ó wà nínú rẹ̀ pé a kì í wo ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ìrànwọ́ polongo èrò òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn kankan. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Kí ló dé tí kò tíì dé gbọ̀ngàn ìjọ tó wà ní ìkóríta?

Ní ti àwòrán, a gbà pé àwọn tó dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó wọn wọlé sí. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kó ọrẹ jọ fún àwọn ẹni mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ó kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú lẹ́tà kejì, orí 8, pé àwọn mìíràn tí àwọn ìjọ yàn yóò bá owó náà rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí òun lẹ́sẹ̀. Ìṣirò owó ló fi dá àwọn olùtọrẹ lójú. Kí ìjọ tẹ ìwé ìnáwó rẹ̀ jáde, kó gbé rìsíìtì kalẹ̀, kó pe aṣàyẹ̀wò owó. Bó bá pọn dandan kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n ya ti ilé ìkẹ́rù àti ti ọkọ̀ tó ń kó ẹrù. Obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú wà lára àwọn tó wà lórí ìlà yẹn, ọmọ tí kò lóbìí wà níbẹ̀, ẹni tí àrùn tí aráyé ń sá fún ń ṣe wà níbẹ̀. Àwòrán tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé pè padà, ẹni tó ń wá obìnrin yẹn kiri sì lè fi í mọ ibi tó forí pamọ́ sí.

Ibi tó ń kọ wá lóminú jù lọ nìyẹn, nítorí ìkà ènìyàn náà máa ń bá àwọn olùrànlọ́wọ́ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọdé ní ibùdó tí ìjọ bá ṣí, bó ti wù kí àdúrà rẹ̀ gùn tó. Kí wọ́n wádìí ẹni tó bá ní òun fẹ́ yọ̀ǹda ara òun. Bí ẹ̀sùn bá sì jáde, kí ìjọ má ṣe pa á mọ́ nítorí orúkọ. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn nígbà ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé ọ̀tá ìjọ ni wọ́n. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje láti bójú tó o, Stéfánù àti Fílípì wà lára wọn, orúkọ àwọn méjèèje sì jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Ìpín oúnjẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń yàn jẹ wá.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Oúnjẹ tí ìjọ pín kò mú ojúṣe kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò sì yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù àti pásítọ̀ nígbà tí ilé ìkẹ́rù tirẹ̀ wà ní títì pa. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó fi ìlànà kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, ti ẹ̀sìn tàbí èyí tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, tó bá fẹ́ wọ ibùdó àwọn tí àjálù lé kúrò nílé, kó sì lé ẹni tó bá rú u jáde.

Ní ti ìjọ, àkókò tí kò sí wàhálà ló yẹ kí wọ́n ṣe èyí. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan jókòó lóṣù yìí, kí wọ́n kọ ìlànà wọn sójú ìwé kan péré ní èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́: a kò ní béèrè ẹ̀sìn rẹ, a kò ní ya ọ́ ní fọ́tò, o kò ní láti gbọ́ ìwàásù kó o tó jẹun. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tábìlì níbi tí ẹni tó wà lórí ìlà yóò ti rí i kà, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹni tó lè pè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ohun tó yàtọ̀ sí i.