Ẹ yéé sọ pé "ẹ gbé e lọ sóko"

L'Óṣogbo ńbí, tí wọ́n bá ti rí i pé ọmọ kan ti ń fa áìsì, ìyẹn oògùn olóró methamphetamine, ohun tí mọ̀lẹ́bí máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ gbé e lọ sóko jàre, kò sí áìsì lóko, ojú ẹ̀ á wálẹ̀. Irọ́ ni o. Àwa náà gbà á gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra àdá tuntun fún ọmọ ẹ̀, a fi ọmọ ṣọwọ́ sí bàbá wa kan tó ní oko kókó.

Oṣù àkọ́kọ́, ìròyìn ayọ̀ là ń gbọ́. Bàbá ní àwọn ò rírú òṣìṣẹ́ yìí rí, ó ń ro oko mọ́jú, kì í sùn, kì í béèrè oúnjẹ. Inú wa ń dùn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ á ti máa mirí báyìí, torí iṣẹ́ áìsì gan-an nìyẹn, kì í jẹ́ kó rẹ èèyàn, kì í jẹ́ kébi pa á, tó bá wá dá lójú ẹ̀ tán á sùn bí òkú, á sì jí tìbínú-tìbínú. Nígbà tó yá ó ní àwọn kan ń pe orúkọ òun látinú igi kókó. Ìgbà yẹn ni Bàbá rí gúlóòbù kan lábẹ́ ẹní ẹ̀, wọ́n ti yọ ìdí ẹ̀, èéfín ti sọ inú ẹ̀ di dúdú. Ahéré tí ò níná látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, kí ni gúlóòbù ń wá níbẹ̀? Inú ẹ̀ ló ti ń fa áìsì.

Ọlọ́kadà tó ń bá wọn gbé kókó jáde náà ló ń bá a gbé áìsì wọlé.

Kí la tiẹ̀ rò? Oko ni igbó tí wọ́n ń fà ti ń wá bá wa nígboro, inú aginjù Òǹdó àti Ọ̀ṣun níbí làwọn NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ń lọ gé e. Áìsì ní tiẹ̀ kì í hù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé igbó líle ni, kẹ́míkà ni wọ́n ń sè, pẹ̀lú ephedrine tó wà nínú àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan. Wọ́n ká ibi tí wọ́n ti ń sè é mọ́ wọn l'Ékòó ní 2011, èyí tí wọ́n rí l'Asaba ní 2016 tún wá tóbi jù ú lọ, àwọn ará Mexico wà níbẹ̀. Ní 2021 nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n ti ń pè é ní mkpuru mmiri, gbangba abúlé ni wọ́n ti ń na àwọn ọmọ nítorí ẹ̀. Mi ò ní áìsì ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa o, igbó ni, ìwádìí tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba wa, àti UNODC, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde ní 2018 sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwádìí yẹn náà ló ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ṣíwájú nínú lílo oògùn olóró, bíi èèyàn 22 nínú 100.

Ọmọ ti padà dé, ó ń lọ rí dókítà. Kò sí oògùn kan tí wọ́n fi ń rọ́pò áìsì, ìjókòó sọ̀rọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, irú ẹ̀ ò sì sí lábúlé yẹn. Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá ṣì ń pè, ó ń bi wá pé ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ òun ń bọ̀.