Kì í ṣe òótọ́ pé àgbà ajá kò lè gba alájá tuntun

Àwa tí a ń gba àgbà ajá tọ́ fún àwọn àjọ aláàánú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀rọ̀ kan dáadáa, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá wá wo ajá ló máa ń sọ ọ́, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní ajá tó bá ti kọjá ọdún 8 tàbí 9 kò tún lè fi ọkàn fún ẹlòmíràn mọ́, pé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni ìfẹ́ rẹ̀ wà títí láé, àti pé ẹni tó bá mú un lọ sílé kàn ń bọ́ àlejò tí kò ní di ará ilé ni. Wọ́n á wá dìde, wọ́n á lọ wá ọmọ ajá. Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí, nítorí pé kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn, síbẹ̀ òun ló ń mú kí àwọn ajá tó níwà pẹ̀lẹ́, tó ti mọ bí a ti ń gbé inú ilé, pẹ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí irú ajá bẹ́ẹ̀ fi ń wá ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ajá bá ti dàgbà tí wọ́n sì gbé e sílẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ó ti bu ẹnìkan jẹ tàbí pé ìwà rẹ̀ kò dára. Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àjọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni alájá wọn kú, tàbí tó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbi tí wọn kò ti gba ẹranko láyè, tàbí tó kó lọ sí ilé tí onílé ti ní òun kò fẹ́ ajá. Ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ débi pé láti ọdún 1985 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Cinnamon Trust ti wà ní Britain, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ran àwọn arúgbó àti àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn lọ́wọ́ lórí ẹran ọ̀sìn wọn, kí ó sì gba ẹranko náà tọ́ bí alájá bá wọ ilé ìwòsàn tàbí tó bá kú. Ènìyàn tó fẹ́ràn ni irú ajá bẹ́ẹ̀ pàdánù. Agbára láti fẹ́ràn ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní ọdún 2001, Márta Gácsi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hungary tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ajá 60 tó ń gbé ní ibùdó ìtọ́jú, tí gbogbo wọn ti kúrò ní ọmọ ajá. Wọ́n yan ènìyàn kan fún 40 nínú wọn, ẹni tó wá lo ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ajá náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré. Wọn kò yan ẹnikẹ́ni fún 20 tó kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ajá kọ̀ọ̀kan wọ yàrá tí kò dé rí, tí ẹni tó mọ̀ yẹn àti àjèjì kan ń wọlé tí wọ́n ń jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, irú ìdánwò tí Mary Ainsworth ti gbé kalẹ̀ ṣáájú láti fi mọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe so mọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn ajá tó ti ní ẹni tiwọn máa ń tọ ẹni náà lọ nígbà tó bá wọlé, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé àjèjì bó bá ń jáde. Kì í ṣe gbogbo ajá inú ìwádìí yẹn ló jẹ́ arúgbó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ìgbàgbọ́ tí mò ń sọ ni pé ìgbà ọmọdé nìkan ni ajá máa ń yan ẹni tí yóò fẹ́, gbòǹgbò yẹn ni ìwádìí náà sì fà tu, nítorí pé ìdajì wákàtí ni gbogbo àkókò tí wọ́n fi dá ìfẹ́ náà sílẹ̀.

Bí mo bá sọ èyí tán, ẹnìkan á dárúkọ Hachikō, ajá ilẹ̀ Japan tó ń lọ dúró de olúwa rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya títí ó fi kú ní ọdún 1935. Ìtàn náà jẹ́ òótọ́, ó sì wọni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 1923 ni wọ́n bí Hachikō, oṣù karùn-ún ọdún 1925 sì ni olúwa rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno, kú, èyí tó fi hàn pé ajá náà kò tíì pé ọdún 2 nígbà tó di aláìlólúwa. Ọ̀dọ́ ajá ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ sọ pé ọjọ́ orí ló ń dí ajá lọ́wọ́ láti ní olúwa tuntun ti mú ẹ̀rí tó lòdì sí ara rẹ̀ wá. Pé ajá rántí ẹnìkan kò ní kó má fẹ́ràn ẹlòmíràn. A ń rí èyí lójoojúmọ́ nínú ilé àwa alágbàtọ́, níbi tí ajá ti lè ta etí sí ohùn kan tó jọ ti alájá rẹ̀ àtijọ́, kó sì tún wá gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ lẹ́yìn náà.

Ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ yìí ni èyí tó ní àgbà ajá kò lè kọ́ ohun tuntun. Ní Vienna, Lisa Wallis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ajá Border Collie 95, láti orí ọmọ oṣù 5 dé orí ọmọ ọdún 13, bí a ti ń fi imú tẹ àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2016 ni pé àwọn àgbà nílò àtúnṣe púpọ̀ sí i kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n níbi tí ó ti gba pé kí ajá fi èyí tó ti mọ̀ yọ èyí tí kò mọ̀, àwọn àgbà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn oṣù 6, ọjọ́ orí kò dá ìyàtọ̀ kankan sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n rántí. Nítorí náà, sùúrù ni àgbà ajá ń béèrè lọ́wọ́ wa. Kódà orúkọ tuntun kò le fún un bí a bá ń fi oúnjẹ díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún un ní irú orúkọ tó jẹ́ òwe, bí a ti ń ṣe nílé, lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ náà fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé ohun tí àwọn ènìyàn ń rí jẹ́ òótọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un ni kò tọ́. Wọ́n pe ajá, kò wá, wọ́n ní kò fẹ́ràn àwọn, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ló ti di. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pè é níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i yóò rí i bó ṣe ń ju ìrù bọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí i lójijì láti ẹ̀yìn, ó kùn, wọ́n ní ó burú, nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì tí ọwọ́ náà sì bá a lójijì. Kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn, kò fẹ́ wọnú ọkọ̀, kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun, wọ́n ní ó ya olóríkunkun, làkúrègbé ló ń ṣe é. Mo ti rí ajá tí kì í wọ pálọ̀ níbi tí gbogbo ará ilé ń jókòó sí, tí a rò pé ó fẹ́ràn àdáwà, àfi ìgbà tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀ onígi tó ń yọ̀ tí ó sì wọlé wá fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀ nítorí ogbó, tí wọ́n ń rìn káàkiri lóru tàbí tí wọ́n ń dúró sí igun ilé bí ẹni tó sọnù. Àìsàn ni èyí, dókítà ẹranko sì ló yẹ kó wò ó. Yàtọ̀ sí àìsàn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń rí fún ajá bó ṣe ń rí fún ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá bá ọmọ gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò mọ ibi tí iná wà, tí oúnjẹ kò sì wù ú. Ẹni tó bá ṣèdájọ́ ìfẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn ti yára jù.

Ìdí nìyí tí ilé alágbàtọ́ fi ṣe pàtàkì. Lisa Gunter àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní ibùdó 5 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 2019: nígbà tí àwọn ajá lọ sùn ní ilé alágbàtọ́ fún òru díẹ̀, cortisol inú ara wọn, èròjà tó máa ń pọ̀ bí ẹ̀dá bá wà nínú ìdààmú, lọ sílẹ̀, wọ́n sì sinmi dáadáa, nígbà tí wọ́n padà sí ibùdó, ó tún gòkè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ajá tí ẹ rí nínú àgò, tó kọ ẹ̀yìn sí yín, kò tíì fi ara rẹ̀ hàn yín. Alágbàtọ́ ló mọ̀ ọ́n. Òun ni kí ẹ bi bóyá ajá náà lè dá wà nílé, iye ìgbà tó ń jáde tọ̀ lóru, bó ṣe ń ṣe bó bá rí ọmọdé tàbí ológbò, ibi tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Kí ẹ sì bá ajá náà rìn níta ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó dé ilé yín, pàápàá bí ẹ bá ti ní ajá mìíràn.

Ẹ̀rù ikú náà wà níbẹ̀, n kò sì ní fi ojú fo ó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ajá ṣe pàtàkì níbí: Great Dane, irú ajá ńlá, tó pé ọdún 8 ti darúgbó gan-an, nígbà tí Chihuahua, irú ajá kékeré, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣì ní ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú. Láti ọdún 7 ni Oldies Club, àjọ tó ń bá àgbà ajá wá ilé ní Britain, ti ń ka ajá sí àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Muttville, àjọ irú rẹ̀ tí Sherri Franklin dá sílẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 2007. Àwọn ajá tí àwọn méjèèjì ń bá wá ilé kì í sì í ṣe kìkì èyí tó ń kú lọ.

Owó ni ibi tí ìṣọ́ra tó péye wà. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í sábà san owó àìsàn tí ajá ti ní kó tó dé ọwọ́ yín, ìtọ́jú eyín sì wọ́n. Àwọn àjọ kan máa ń bá alájá tuntun san owó oògùn àìsàn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ béèrè ìwé dókítà ajá náà látòkèdélẹ̀, kí ẹ sì mọ iye tí oògùn rẹ̀ ń gbà lóṣù. Ẹ tún béèrè bóyá àjọ náà yóò gba ajá padà bí ìgbésí ayé yín bá yí padà, torí pé àjọ tó dára máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ajá náà padà sí.