Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Àbúrò Wa Tó Ń Wọ Abẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó dé ẹnu tọ́nẹ́ẹ̀lì, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà, ní London tàbí New York, tó tan tọ́ọ̀ṣì, tó rí irin tó ń dán lọ sínú òkùnkùn, ẹ̀fà ló rí yẹn. Ó gbà pé òkùnkùn ni ewu ibẹ̀, ló bá mú tọ́ọ̀ṣì kejì dání, ó wọ bàtà tó nípọn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Òkùnkùn fúnra rẹ̀ kì í pa èèyàn. Ohun tó ń pani níbẹ̀ ò ṣeé fojú rí títí yóò fi bá èèyàn: iná tó wà lára irin, ọkọ̀ tó ṣì wà lẹ́yìn kọ́nà, afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé mí.

Fóònù ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Àwọn ọmọ wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìyàrá ń wo fídíò àwọn tó ń yọ́ wọ ihò ọkọ̀ ojú irin lóru. Ẹ̀gbọ́n àwọn míì wà nílùú tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì lè wọ̀ ọ́ lálẹ́ òní bí wọ́n bá fẹ́. Àwọn tó wà nílé náà ò ṣaláìní ihò tiwọn. Láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn awakùsà ti gbẹ́ ilẹ̀ wá góòlù, tántáláìtì, kọlọ́mbáìtì àti tánganran, ọ̀pọ̀ sì gbẹ́ tirẹ̀ tán, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí òbí bá gbọ́, òwe tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Òwe náà ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra lò ó, torí ohun tó ń fa àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ìranù. Ibùdókọ̀ City Hall ní New York, tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ kìíní gan-an tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1904, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùlé rẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tẹ̀ bí òṣùmàrè. Wọ́n tì í pa ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1945 nítorí pé pèpéle rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ọkọ̀ tuntun tó gùn ò sì bá a mu mọ́. Ní London, ibùdókọ̀ Aldwych ṣiṣẹ́ láti 1907 di 1994. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ làwọn ará ìlú ń sùn sí nítorí bọ́ǹbù, inú tọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn ohun iyebíye ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum pamọ́ sí. Ọmọ tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí nǹkan báyìí, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbínú pa ìfẹ́ yẹn kú lára rẹ̀. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà rí i la fẹ́ bá a sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀, torí òun ló tètè máa ń tan ọmọ Kogi jẹ. Ojú irin tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ti Itakpe sí Warri. Dísẹ̀lì ni ọkọ̀ rẹ̀ ń lò, kò sí iná lára irin rẹ̀, ẹni tó bá fò ó kọjá lọ sóko, ọkọ̀ nìkan ló ní láti ṣọ́. Ẹni tó gbé irú òye yẹn dé London ti gbé ikú dání. Irin mẹ́rin ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Orí méjì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí. Ẹ̀kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé iná tó tó nǹkan bí 420 fólítì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná. Ẹ̀kẹrin wà láàárín gbùngbùn, ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn máa ń fẹ́ gbà, òun náà sì ní 210 fólítì tirẹ̀ lódìkejì, èyí tó mú kí ohun tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 630 fólítì. Ní New York, irin kan ló gbé iná, 625 fólítì, wọ́n sì fi pákó bo orí rẹ̀. Pákó yẹn ti dá kún ẹ̀tàn, torí ẹ̀gbẹ́ irin náà ṣí sílẹ̀ kí apá ọkọ̀ lè ráyè wọlé fa iná. Ẹni tó yọ̀ ṣubú tó nawọ́ di nǹkan mú lè nawọ́ wọ ibẹ̀.

Iná yìí kì í dún, kì í sì í tàn. Bó bá mú èèyàn, ó ń fún iṣan pọ̀ débi tí ọwọ́ ò fi ní lè jù ú sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ kan yóò gé e. Ọkọ̀ tó ń fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpìà, ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ agéná yẹn fún, ohun tí ara èèyàn ń fà kéré débi pé kò ní mọ̀ rárá. Omi tó ń kán sílẹ̀ nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà, àkàsọ̀ onírin, gbogbo wọn ló lè bá iná náà dé ara ẹni tí kò fọwọ́ kan irin. Àwọn tó wà l'Ékòó náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí: ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná mànàmáná ló ń lò, ojú ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ibi àbùjá.

Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n ti pa iná lóru. Ní New York, ọkọ̀ kì í sinmi tọ̀sán tòru, iná ò sì ní ìdí láti kú. Ní London, wọ́n máa ń pa á fún wákàtí díẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tún ọ̀nà ṣe, ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo bátìrì máa ń rìn. Kò nílò iná irin, kò sì sí nínú ìwé àkókò tí èrò ń rí.

Ọmọdé mọ eré é sá, kò mọ ìsápamọ́. Nígbà tí ogun Nupe ń da ilẹ̀ wa láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè làwọn baba ńlá wa sá lọ, níbi tí èèyàn ti lè rí ọ̀tá lókèèrè kó tó dé. Inú tọ́nẹ́ẹ̀lì ni òdìkejì ibẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ nígbà àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ London fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 3.56 péré láti ògiri dé ògiri, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè fara tì. Ní New York, àwọn ògiri kan ní kọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè dúró sí, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí ìlà pupa àti funfun tí wọ́n fà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kò sí àyè láàárín ògiri àti ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń jẹ mítà mẹ́tàdínlógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ́nà bá wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ẹni tó dúró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló ní láti ìgbà tó bá ti rí iná iwájú ọkọ̀, orí òkúta wẹ́wẹ́ àti pákó ni yóò sì sá eré náà lé. Bí awakọ̀ bá tiẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà yóò jẹ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ kó tó dúró. Àwọn kan ń gbẹ́kẹ̀ lé atẹ́gùn, pé ọkọ̀ máa ń ti afẹ́fẹ́ ṣíwájú ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń tì í, àmọ́ níbi tí ọ̀nà ti pín, atẹ́gùn ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà kejì lè fẹ́ lu èèyàn níwájú kí ọkọ̀ gidi máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọkọ̀ tí ẹ sanwó wọ̀ bá kú sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ẹ jókòó síbẹ̀ títí òṣìṣẹ́ yóò fi sọ ibi tí ẹ máa gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní New York, iná búlúù tó wà lára ògiri ń tọ́ka sí tẹlifóònù pàjáwìrì àti ohun tí wọ́n fi ń gé iná irin.

Ti òfin kò gùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bá mú lójú irin láìgbàṣẹ lè san owó ìtanràn tó tó £1,000, òfin ọdún 1949 ló sọ bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ wa tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìsà, owó yẹn ni ìyà tó kéré jù; àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá lè dínà ìwé ìgbélùú tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ti dáwó lé. Ní Paris, láti 1955 ni wọ́n ti ka wíwọ àwọn ihò òkúta abẹ́ ìlú náà léèwọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àwọn ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 16, èkejì 17, sọnù síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ajá ló wá wọn rí, òtútù sì ti mú wọn gidi.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé, sí ihò kùsà, torí níbẹ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tó dáa ní ọ́síjìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá wálẹ̀ sí 19.5, àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró mọ́. Lábẹ́ 16, ọpọlọ á máa ṣìṣe. Lábẹ́ 10, èèyàn á dákú, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rò pé èémí ń sé òun. Ìdí ni pé kì í ṣe àìsí ọ́síjìn ni ara fi ń mọ̀ pé èémí ń tán, pípọ̀ carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí jáde, nínú ẹ̀jẹ̀ ló fi ń mọ̀. Nínú ihò tí wọ́n ti pa tì, ewé tó ń jẹrà ń jẹ ọ́síjìn, òkúta tó ní imí ọjọ́ nínú, irú èyí tó sábà máa ń bá góòlù rìn, náà ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń dípẹtà, atẹ́gùn kò sì wọlé wá rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí iná àtùpà bá kú, ẹ má wọ̀ ọ́. Bí kò bá kú, ìyẹn ò sọ pé ihò náà dáa. Iná á ṣì máa jó nínú carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn, tó lè pa gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ gáàsì tó ń gbiná ló wà níbẹ̀, àtùpà yẹn gan-an ni yóò dá a. Imú pẹ̀lú ò ṣeé gbára lé. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ máa ń pa imú kú bó bá ti tó nǹkan bí 100 nínú mílíọ̀nù kan; òórùn á dàwátì, èèyàn á rò pé ó ti tán. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gáàsì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà nìkan ló lè sọ òótọ́, okùn ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú èèyàn: lókè, láàárín, nísàlẹ̀.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ẹ̀rọ afami elépo bẹntiróòlù. Omi kún ihò tàbí kànga, rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń fa omi ò gùn tó, wọ́n bá gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kún ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó kò ní gòkè mọ́. Òkè ni ẹ̀rọ elépo gbọ́dọ̀ wà, kó jìnnà sí ẹnu ihò, kí atẹ́gùn má sì darí èéfín rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, ilẹ̀. Igi tí wọ́n fi gbé òrùlé ihò ró, ikán á ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo á ṣẹ́ kù. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, yẹ̀pẹ̀ á mumi. Èyí tó kún àpótí oní-mítà-kan níbùú, lóòró àti ní gíga á wọ̀n tó tọ́ọ̀nù méjì. Ẹni tí yẹ̀pẹ̀ bò dé àyà, tí orí rẹ̀ ṣì wà níta, lè kú síbẹ̀, torí àyà rẹ̀ ò ní lè fẹ̀ láti mí.

Òwe ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nídìí ihò tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, ará ẹ̀yìn kì í dúró kọ́gbọ́n. Ó ń bẹ́ wọlé tẹ̀lé e, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á sì kú síbẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá dákú nísàlẹ̀, ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ pe 112, ẹ pe panápaná, ẹ wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀pá gígùn kí ẹ fi fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti so okùn mọ́ ọn kó tó wọlé, ẹ fi fà á láti òkè. Bó bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ ló bò ó, ẹ lé èrò kúrò létí kòtò, torí ìwúwo wọn ń tì í wó; ojú àti àyà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ wà jáde, ẹ má sì fi okùn fà á nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì há.

Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn sì lè gba ẹnu ọ̀nà tó dáa. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ìrìnnà ìlú London máa ń mú èèyàn wọ Aldwych àti àwọn ibùdókọ̀ míì tí wọ́n ti pa tì. Ti New York máa ń mú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo City Hall, inú ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ti pa tì ní Brooklyn sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀ wà. Ní Paris, nǹkan bíi kìlómítà kan àtààbọ̀ ihò náà ṣí fún ẹni tó bá sanwó, nínú jíjìn tó tó 20 mítà. Ẹ fi owó dátà fídíò ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nílé, iṣẹ́ ló kù fún àwa àgbà. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ ṣe kó tó lọ. Ẹni tí kò gba ìwé ò ní padà wá. Kí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tó mọ igbó ka ihò tó wà ní ilẹ̀ wọn, kí wọ́n ya fọ́tò ibi tó wà, kí baálẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ́fíìsì ìwakùsà. Kí wọ́n tó dí i, ẹ fi igi tútù àti ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká, kó ga dé àyà àgbàlagbà, kó sì jìnnà sí etí kòtò ju bí kòtò ṣe jìn lọ, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ti jẹ wọ abẹ́ ibi tí ẹ dúró sí. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan tún yí ọgbà náà ká, kó wò ó bóyá ilẹ̀ ti là, kí wọ́n sì sún ọgbà sẹ́yìn bó bá ti là.