Ẹ́ńjìnì Kọ́ Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ra MGB àtijọ́, ọkọ̀ eré kékeré ilẹ̀ England, ó fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ ìdíje tí yóò máa fi sáré ní pápá lópin ọ̀sẹ̀, ó wá béèrè ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ tó rí gbà ni pé, "Tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe ná, kó lágbára, ìyókù á tẹ̀lé e." Ẹnì kejì ní kó yọ kábúrétọ̀ SU méjèèjì, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, kó gbé kábúrétọ̀ Weber sí i. Ẹnì kẹta ní ẹ́ńjìnì V8, èyí tó ní sílíńdà mẹ́jọ, ni kó fi rọ́pò ẹ́ńjìnì rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi í léèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀ kẹ́yìn, tàbí ọdún tí wọ́n ṣe táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Òun ló ń ba ọkọ̀ dáadáa jẹ́, òun náà ló sì ń gbé awakọ̀ tuntun lọ sínú ògiri.

MGB náà ni a ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1962 dé 1980 ni wọ́n fi ṣe é ní Abingdon, ní ilẹ̀ England. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1798 cc, agbára rẹ̀ nígbà tó jáde kò sì ju nǹkan bí 95 horsepower lọ. Ní ti bíréèkì, dísìkì, ìyẹn àwo irin tí páádì ń fún mọ́ra, ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Ẹni tó ní Triumph TR6 tàbí Datsun 240Z, ọ̀rọ̀ yìí kan yín náà.

Bíréèkì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti tú àṣírí irọ́ yìí jù. Bíréèkì kì í pa eré, ṣe ló ń sọ eré di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ mú ọkọ̀ tó wọn 1000 kg pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Bó bá ti orí 160 km/h wálẹ̀ sí 80 km/h, ooru tó máa jáde jẹ́ nǹkan bí 741 kJ. Ìyẹn tó láti gbé omi tútù tó lé ní lítà méjì dé híhó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ wá fún ọkọ̀ yẹn ní ẹ́ńjìnì tó lè gbé e dé 180 km/h kó tó dé kọ́nà yẹn kan náà: ooru náà di nǹkan bí 1000 kJ, omi lítà mẹ́ta. Eré fi 20 km/h péré lé, ooru fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lé, dísìkì ò yí padà, páádì ò yí padà. Pápá tó bá ní kọ́nà líle mẹ́fà á ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹfà nínú yípo kan. Yípo mẹ́wàá, ọgọ́ta ìgbà. Atẹ́gùn àti ẹ́ńjìnì á gbà díẹ̀ nínú ẹrù náà, ṣùgbọ́n bíréèkì ló ń ru èyí tó pọ̀ jù.

Níbo ni ooru yìí ń lọ? Ó ń gba inú dísìkì lọ sí páádì, láti páádì lọ sí pístìnì bíréèkì, láti ibẹ̀ ó wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan nínú gáréèjì. DOT àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe oríṣi ọ́ìlì bíréèkì. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìlànà gbà kó hó ní 155°C. DOT 3 kéré sí i, 205°C bó bá tuntun, 140°C bí omi bá ti wọ̀ ọ́. DOT 5.1 dára jù, 260°C àti 180°C. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún DOT 5, èyí tí wọ́n fi silicone ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ti pápá: bó bá gbóná, ó máa ń fún pọ̀, pẹ́dàlì á máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ àwọn ìyókù láéláé.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àìsàn méjì tí bíréèkì máa ń ṣe, torí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bí pẹ́dàlì bá rì dé ilẹ̀, ọ́ìlì ló hó: gáàsì ti wọ páìpù, gáàsì sì ń fún pọ̀, ọ́ìlì kì í fún pọ̀. Bí pẹ́dàlì bá le bí òkúta ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò dúró, páádì ló ti gbóná kọjá agbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páádì ojú títì ti ń juwọ́ sílẹ̀ láàárín 300°C sí 400°C. Ti àkọ́kọ́, ọ́ìlì tuntun láti inú ìgò tí a kò tíì ṣí rí ni oògùn rẹ̀. Ti èkejì, páádì ìdíje. Ẹni tó bá ra páádì olówó ńlá nígbà tí ọ́ìlì rẹ̀ ń hó kò tíì ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ náà kò le. MGB ní hóòsì bíréèkì rírọ̀ mẹ́ta, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí wọ́n bá jẹ́ rọ́bà àtijọ́, wọ́n á máa wú nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì. Ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi èyí tí wọ́n fi okùn irin hun ìta rẹ̀ rọ́pò wọn. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù tán, kí ẹ máa fa afẹ́fẹ́ jáde láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí pọ́ǹpù bíréèkì wá sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ gba atẹ́gùn wá sára dísìkì pẹ̀lú páìpù tó fẹ̀ tó 75 mm, láti iwájú ọkọ̀. Dísìkì MGB kò ní ihò atẹ́gùn láàárín, nítorí náà ojú méjèèjì ni kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí. Bó bá fẹ́ sí ojú kan ṣoṣo, ojú kan á tutù, èkejì á gbóná, dísìkì á sì wọ́. Páádì tuntun ń fẹ́ ká mú un mọ dísìkì kó tó wọ ìdíje: ẹ sáré dé 100 km/h, ẹ tẹ bíréèkì wá sí 30 km/h láì dúró, ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ wá rọra wakọ̀ títí yóò fi tutù. Bí ẹ bá dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì nígbà tó ṣì gbóná, páádì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísìkì, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbàkigbà tí ẹ bá tún tẹ bíréèkì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí táyà, níbi tí àkókò gan-an wà. Kọ́nà tí ìtẹ̀sí rẹ̀ jẹ́ mítà 60 láti àárín: táyà líle àtijọ́ tó ń di ọ̀nà mú ní 0.8 g (1 g ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra) á gbà á ní 78 km/h. Táyà rírọ̀ tó ń di ọ̀nà mú ní 1.0 g á gbà á ní 87 km/h. Bí kọ́nà náà bá yí dé ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí, ìyàtọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Kọ́nà mẹ́jọ irú rẹ̀, ó ti ń lọ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin nínú yípo kan, ká tó ka eré tí ọkọ̀ náà ń gbé jáde wọ ojú ọ̀nà gbọọrọ. Ẹ fi wé ẹ́ńjìnì: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a nílò láti la atẹ́gùn kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà láti 95 dé 120 horsepower, tí í ṣe iṣẹ́ ńlá lórí MGB, eré tó ga jù tí ọkọ̀ lè sá kò fi ju nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lé. Ọkọ̀ náà kì í sì í dé eré yẹn rárá ní pápá kúkúrú.

Nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ní ìparí àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT (èyí kì í ṣe ti ọ́ìlì bíréèkì). 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ wò ó kí ẹ tó wo bí ojú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Táyà tó ti pẹ́ lè jinlẹ̀ dáadáa kó sì le bí pákó. Tí ẹ bá wọlé láti pápá, kí ẹ má tíì dúró gbádùn omi: ẹ fi ohun èlò ìwọn ooru wọn táyà ní ìta, láàárín àti ní inú. Bí ìta bá fi ju 10°C lọ gbóná ju inú, orí táyà gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú sí i. MGB kúrò ní ilé iṣẹ́ pẹ̀lú orí táyà iwájú tó tẹ̀ síta díẹ̀, ìyẹn ò sì bá eré ìje mu. Bí àárín bá gbóná jù, atẹ́gùn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Atẹ́gùn náà lè fi 4 sí 8 psi, ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà, lé bí táyà bá gbóná, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná, ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù kí ẹ wá gbàgbé rẹ̀. Wáyà rírẹwà tí wọ́n fi hun rímù àwọn MGB kan, ẹ yọ ọ́ fún irin líle. Ẹrù kọ́nà máa ń tú u.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń pariwo ẹ́ńjìnì kì í sọ, òun ló sì ń pa ẹ́ńjìnì wọn. Bí ọkọ̀ bá gba kọ́nà ní 1 g, ojú ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì máa ń tẹ̀ ní 45°. Ọ́ìlì á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, géèjì ọ́ìlì á já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀rìn tó wà lẹ́sẹ̀ apá pístìnì á sì jó nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí lórí eré gíga. Bí táyà bá ṣe dára tó ni ewu yìí ṣe ń pọ̀ tó. Pátákó irin tí a fi dí ọ́ìlì lọ́nà nínú páànù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kò wọ́n, ọjọ́ kan la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá kó owó rẹ̀ lé pístìnì àti orí ẹ́ńjìnì láì ṣe èyí, ilé tí a fi itọ́ mọ ló kọ́, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n á ní agbára dùn lójú ọ̀nà gbọọrọ. Ó dùn. Wọ́n á ní V8 wà nínú MGB láti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ rí. Òótọ́ ni, ìyẹn ò sì yí ìṣirò padà. A gbà pé bí pápá bá gùn, tí ìyókù ọkọ̀ sì ti pé, ẹ́ńjìnì lè di ohun tó kàn. Kí ìyẹn tó kàn, ẹ bọ́ ẹrù kúrò: 50 kg tó bá kúrò lára ọkọ̀ tó wọn 950 kg dà bí ìgbà tí a fi horsepower 5 kún 95. Ẹ́ńjìnì ò ní mọ̀ ọ́n lára, bíréèkì á sinmi, táyà á sinmi.

Ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn, ẹ fi ẹ́ńjìnì yín sílẹ̀ bó ṣe wà, bí kò bá ti máa rú èéfín, tí géèjì ọ́ìlì rẹ̀ sì dúró ṣinṣin nígbà tó gbóná. Hóòsì mẹ́ta, ọ́ìlì bíréèkì tuntun, páádì, pátákó inú páànù ọ́ìlì, táyà mẹ́rin. Irin ààbò orí awakọ̀ àti bẹ́líìtì ìdíje tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn yípo mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí rímù tutù, kí ẹ tún fi sípánà ìwọ̀n wo nọ́ọ̀tì táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ooru máa ń tú wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó padà sí pápá.