Kí ni wọ́n ń pè ní “neutralise”?

Láàárọ̀ Sátidé, mo dúró jẹ àkàrà nídìí agbada Ìyá Ṣadé ní Kubwa níbí. Bébà ìròyìn ló fi dì í fún mi. Òróró ti mu dé orí àkọlé: “Troops neutralise…” Iye èèyàn tó tẹ̀ lé e ò ṣeé kà mọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń tẹjú mọ́ níbẹ̀ yẹn?”

“Wọ́n ní àwọn sójà neutralise àwọn jàǹdùkú kan.”

“Wọ́n ṣe kí ni fún wọn?”

“Wọ́n pa wọ́n ni, mà.”

“Ṣé kò wá sí ‘kill’ nínú òyìnbó mọ́ ni?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Kíláàsì kẹ́mísírì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: da ásíìdì pọ̀ mọ́ béèsì, ó di iyọ̀ àti omi, oró tán. Bí àwọn tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù bá tú bọ́ǹbù palẹ̀, ẹ pè é ní neutralise, kò sí ìjà. Èèyàn ńkọ́? Ẹni tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ tí wọ́n sì dè lókùn, agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n yìnbọn pa náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan yìí gba àwọn méjèèjì. Àwọn ológun ló ni ọ̀rọ̀ wọn, kí wọ́n máa sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn oníròyìn ni mo ń bá wí, tó jẹ́ pé bí àtẹ̀jáde bá ṣe dé náà ni wọ́n á gbé e sórí bébà, tí wọn ò ní béèrè pé àwọn wo ni, mélòó ló kú, mélòó ni wọ́n mú.

Ẹnìkan á ní àwa Yorùbá náà kì í dárúkọ ikú gbàǹgbà. Òótọ́ ni. Ọba ń wàjà, àgbà ń papòdà, erin ń wó. Ṣùgbọ́n òkú là ń pọ́n lé níbẹ̀. Ta ni neutralise ń pọ́n lé?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, àwọn ará Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ní ìpínlẹ̀ Kaduna, kóra jọ ṣe Máólúùdù lálẹ́, ni dúróònù àwọn sójà bá ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Àjọ NEMA, tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n sin, obìnrin àtọmọdé wà nínú wọn. Àwọn sójà ní jàǹdùkú làwọn rò pé wọ́n jẹ́. Ọ̀gá àgbà àwọn sójà nígbà náà, Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú wa, lọ bẹ àwọn ará abúlé fúnra ẹ̀. Ká ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù láti ké síta ńkọ́? Mo mọ ọ̀rọ̀ tí ì bá wà lórí bébà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ má pè mí ní agbẹjọ́rò àwọn ajínigbé o. Àtìgbà tí wọ́n ti kọ lu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna ní oṣù Kẹta 2022, ọkàn mi ò balẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Bí sójà bá pa wọ́n, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n pa wọ́n. Rédíò Hausa tí mẹkáníìkì àdúgbò wa ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, “kashe” ni wọ́n ń wí, ìyẹn “pa”. Kò tíì sẹ́ni tó yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wá béèrè ìtumọ̀.