Igi Gogoro Ojú Ọ̀nà Ọmọ Ọdún 18

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí kò rí igi títí tó fi dé ìdí rẹ̀, igi á gún un lójú.

Inú ń bí mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ ṣe ọjọ́ ìbí nílé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí kan l'Ékòó. Ìrẹsì wà, Indomie wà, kéèkì wà. Wọ́n gbé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sórí itan, wọ́n ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan tó ti lé ní 17 dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni ò pè é sí fọ́tò. Òun ló rọra wá bá mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè ṣe onídùúró fún mi?" Ilé ìránṣọ kan ti fẹ́ gbà á síṣẹ́, ó ku onídùúró. Ta ni kó mú lọ?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ní ẹni tí kò tíì pé 18 ni ọmọdé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ máa pé 18, tó máa kúrò nílé ìtọ́jú, kì í ṣe àlejò òru. Ó ti wà nínú fáìlì rẹ̀ tipẹ́.

Ìyá tó ń tọ́jú wọn sọ fún mi nípa ọmọkùnrin kan tó jáde lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ dá se ìrẹsì jẹ, odindi kóńgò mẹ́rin ló dà síkòkò! Ìkòkò ogójì èèyàn ló ti ń bá wọn kóná sí láti kékeré. Kò ná ata rí láyé rẹ̀, torí ọkọ̀ ló ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun; owó ọdún méjì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún ní kí bàbá rẹ̀ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló sùn sí fún oṣù mẹ́ta.

Wọ́n ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Níbo ni igba ojú náà wà?

Láti ọmọ ọdún 14 ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó máa jáde. Ẹ mú un lọ sọ́jà, kó ná ata fúnra rẹ̀, kó ṣìnáwó díẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá a gba NIN, kó lè ní àkáǹtì ní báǹkì. Ẹ fi í kọ́ṣẹ́ kó gba fírídọ̀mù kó tó jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2017 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí olùdámọ̀ràn títí yóò fi pé 25. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Yorùbá, tí ọmọ ẹni kì í tóbi jù fún wa láti gbà nímọ̀ràn, a ń sin ọmọ dé géètì, a sì ń padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kéèkì lọ yìí, ẹ dákun, tí ẹ bá tún dé ibẹ̀, ẹ béèrè èyí tó ti pé 17. Ẹ gba fọ́ọ̀mù onídùúró ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i.