Bítà Wo Ni Wọ́n Dà Sínú Chapman Mi?

Láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo ti fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ní kí inú mi kọ́kọ́ rọ̀ ná. Kò rọ̀. Ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ ní Bódìjà níbí ni èmi àti ọmọ mi obìnrin yà sí, nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kan tí oúnjẹ kò ti kárí, mo sì ní kí wọ́n gbé Chapman wá fún mi, ohun mímu pupa tí wọ́n sábà máa ń fi Fanta àti Sprite po. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa gbé máàgì ńlá kan wá, tó pupa dáadáa, tí ègé kùkúmbà kan há sí etí rẹ̀, tí sitírọ́ọ̀ méjì sì dúró nínú rẹ̀ bí ìyàwó àti ọkọ. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e kalẹ̀, nítorí pé àgbo jẹ̀dí tí wọ́n da ṣúgà sí ló ń run sí mi nímú.

Mo pe ọmọ náà, mo ní, “Ọmọ mi, kí lẹ fi sínú èyí?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ́mì, bítà ni. Àwọn ibòmíràn kì í fi í sí, ṣùgbọ́n àwa ń fi í sí dáadáa.”

Mo ní kó gbé ìgò bítà náà wá kí n rí i, ó sì gbé e wá tayọ̀tayọ̀. Bítà àwọn onípárágà ni, èyí tí wọ́n fi egbò àti èèpo igi ṣe, tí àwọn awakọ̀ máa ń mu ní gáréèjì nítorí ẹ̀yìn ríro. ₦4,500 ni mo san fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Chapman ti mọ ohun tó ń bí mi nínú.

N kò dá ọmọ náà lẹ́bi, nítorí ta ló kọ́ ọ? Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí ènìyàn bá ti pe bítà, ìgò tí wọ́n ń polówó lórí rédíò pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń sọ sí gbogbo wa lọ́kàn. Bítà tí Chapman ń fẹ́ ni Angostura, èyí tí dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Siegert, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun ọ̀gágun Simón Bolívar, ṣe ní 1824 ní ìlú Angostura ní Venezuela láti fi wo inú rírun, tó sì ti di ohun tí wọ́n ń ṣe ní Trinidad láti 1875. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé àgbo ni òun náà nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbo ni, ṣùgbọ́n àgbo ju àgbo lọ.) Ìgò kékeré kan ni, tí bébà ara rẹ̀ tóbi jù ú lọ títí dé ọrùn, bí ọmọdé tó wọ agbádá bàbá rẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń mú kí adùn ohun mímu náà má sú ènìyàn, nítorí bí a bá yọ ọ́ kúrò, Fanta pupa lásán ló kù.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé Sam Alamutu, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ikoyi Club ní Èkó, ẹgbẹ́ tí àwọn Òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1938, ló kọ́kọ́ po ó fún Òyìnbó oníbàárà rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Chapman. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ṣáájú òmìnira ni, a jẹ́ pé kì í ṣe Sprite ló fi po ó, nítorí 1961 ni Sprite dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Fanta ọlọ́sàn tí gbogbo wa mọ̀ pàápàá, Naples ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Nítorí náà, kí àwọn tó máa ń bá mi jà pé Chapman kì í ṣe Chapman bí kò bá sí Fanta àti Sprite nínú rẹ̀ fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. A lè pààrọ̀ ohun ẹlẹ́rìndòdò inú rẹ̀. Bítà ni a kò lè pààrọ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn títí di ọjọ́ Sátidé náà.

Nílé mi, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń gbé àwọn ìgò sínú fíríìjì, nítorí ohun ẹlẹ́rìndòdò tí kò bá tutù rinrin kì í di gáàsì rẹ̀ mú: bí ó bá ti kan yìnyín ni yóò hó, tí yóò sì di omi ṣúgà. Dípò ṣíróòbù grenadine tí wọ́n ń tà, tó yẹ kó jẹ́ omi èso pómégíránétì inú Bíbélì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ ṣúgà àti aró nígbà púpọ̀, ìṣápá pupa ni mo ń lò. N ó se ife ìṣápá gbígbẹ kan nínú ife omi méjì, n ó sẹ́ ẹ, n ó da ife ṣúgà kan sí i, n ó sì jẹ́ kó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi máa fà lẹ́nu ṣíbí bí oyin tí kò tíì ki tán. N kì í bó kùkúmbà, nítorí èèpo rẹ̀ náà ní òórùn tútù yẹn. Yìnyín ló ń kọ́kọ́ wọ inú jọ́ọ̀gì, ṣíróòbù ìṣápá ṣíbí oúnjẹ mẹ́rin yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, bítà ààbọ̀ ṣíbí tíì, Fanta 50cl kan, kí Sprite 50cl tó wá kẹ́yìn, tí n ó máa dà á gba ẹ̀gbẹ́ jọ́ọ̀gì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń bu ẹmu fún àgbà. N ó fi ṣíbí gígùn gbé e láti ìsàlẹ̀ wá sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ó sì da ègé ọsàn àti kùkúmbà sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó bí ẹni tó ń ro àmàlà ti lé gbogbo gáàsì rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi han ọmọ mi nìyẹn nígbà tí a délé, inú sì ṣì ń bí mi. Mo gbé ìgò Angostura mi jáde, mo ní, “Wò ó, èyí ni bítà. Kà á.” Ó gbà á, ó yí bébà rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kéré púpọ̀, ó wá ní, “Mọ́mì, ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún.” Mo ní mo mọ̀ pé ọtí díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ṣé Alhaja mọ̀?”

Alhaja ni aládùúgbò wa láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ní gbogbo Iléyá, ẹran wọn máa ń dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó jí tán, jọ́ọ̀gì Chapman mi ni mo sì fi ń dá wọn lóhùn, tí wọn a máa sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn pé, “Ẹ mu mínírà Ìyá Bọ́lá, kò sí irú rẹ̀ ní ìta.” Mo ṣírò ó lóru ọjọ́ náà: ààbọ̀ ṣíbí tíì nínú jọ́ọ̀gì odindi, ọtí tó wà nínú ife kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, kò lè pa èèrà. Ṣùgbọ́n ẹnu Alhaja kan náà ni mo ti gbọ́ ọ pé ohun tí púpọ̀ rẹ̀ bá ń pa ènìyàn, díẹ̀ rẹ̀ náà èèwọ̀ ni.

Lánàá, mo gbìyànjú láti po ó láìfi bítà sí i. Mo se èèpo ọsàn pẹ̀lú kànáfùrù mẹ́fà nínú omi díẹ̀ títí ó fi korò, mo sì fi èyí rọ́pò rẹ̀. Mo bu ife méjì fún ọmọ mi, ọ̀kan pẹ̀lú bítà, ọ̀kan láìsí i, ó sì yan èyí tí kò ní i pé òun ni ojúlówó. Èmi mọ ìyàtọ̀ wọn, tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ti mọ ife tó jẹ́ èwo.

Ní àárọ̀ yìí, Alhaja rán ọmọ kan sí mi pé àlejò ń bọ̀ wá kí àwọn ní Jímọ̀ọ̀, ṣé n ó bá wọn po jọ́ọ̀gì méjì. Mo ní kó sọ fún wọn pé n ó po ó. N ó fi kànáfùrù ṣe é, ìyẹn kò le. Ti àwọn jọ́ọ̀gì tó ti kọjá ni n kò mọ bí n ó ṣe sọ.